Rírìn lórí bèbè Erédò Sùngbọ́ nígbà ọyẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìjẹ̀bú kò ní òkè àpáta bíi ti Ìdànrè. Ẹni tó bá fẹ́ gun ibi gíga nílẹ̀ wa, tó fẹ́ rìn títí ẹsẹ̀ á fi sọ̀rọ̀, Erédò ló máa forí lé: odi àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí yàrà jíjìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí igbó sì bo gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì fúnni. Kò sí àmì ojú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó ń gbá a. Láti ìgbà táwọn èèyàn ti mọ̀ pé mo máa ń bá àlejò débẹ̀ nígbà ọyẹ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí lórí fóònù. Mo kó wọn jọ síbí kí n lè sinmi díẹ̀.

Kí ni Erédò gan-an? Ṣé òkè ni àbí kòtò?

Méjèèjì ni. Àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yàrà, wọ́n da erùpẹ̀ tó jáde níbẹ̀ sí apá inú, ó di odi. Tí ẹ bá wọn gbogbo rẹ̀ yí ká, ó tó nǹkan bíi 160 kìlómítà. Ilẹ̀ tó ká mọ́ inú fẹ̀ tó bíi 40 kìlómítà láti àríwá sí gúúsù, ó sì tó bíi 35 láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Láwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi lápá inú tó 20 mítà. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, òjò àti oko ti jẹ ẹ́ tán, ẹ lè kọjá lórí rẹ̀ láìmọ̀ pé Erédò lẹ kọjá.

P. C. Lloyd, onímọ̀ nípa àṣà àti ìgbé ayé ẹ̀dá, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1959. Láwọn ọdún 1990 ni Patrick Darling, onímọ̀ ìwalẹ̀ láti Yunifásítì Bournemouth, wá rìn ín, tó wọ̀n ọ́n, tí ìròyìn rẹ̀ sì tàn káyé ní 1999. Láti 1995 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ sí ara àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Ó ṣì wà lórí ìlà níbẹ̀, ó ń dúró.

Ṣé Bílíkísù Sùngbọ́ ló gbẹ́ ẹ? Ṣé òun náà ni Ayaba Ṣébà?

Ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ ni pé opó ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kí orúkọ òun má bàa parẹ́. Ibojì tí wọ́n ní ó jẹ́ tirẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn èèyàn sì máa ń lọ ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀. Wọ́n ní koríko kì í hù lórí rẹ̀. Ti Ayaba Ṣébà yẹn, ọjọ́ orí méjèèjì kò bára mu: ayé Sólómọ́nì ti lọ jìnnà kí ẹnikẹ́ni tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀ Erédò. Àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ kan gbé e sí nǹkan bí ọdún 800 sí 1000, àwọn tó walẹ̀ lẹ́yìn wọn sì fà á wá sí ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àmọ́ tí ẹ bá dé Òkè-Ẹ̀rí, ẹ má bá àgbàlagbà jiyàn lórí èyí. Ẹ gbọ́ ìtàn náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà ọyẹ́ lẹ máa ń lọ? Ṣé òtútù ò ní pa wá?

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀ gbẹ. Láti Oṣù Kẹta títí wọ Oṣù Kẹwàá, omi máa ń dúró sínú yàrà láwọn ibi tó rẹlẹ̀, pàápàá lápá Ẹ̀pẹ́, ara odi á máa yọ̀ bí ilá, ẹ̀fọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èèyàn lọ. Tó bá fi máa di ìparí Oṣù Kọkànlá, òjò ti dá. Lójú tèmi, àárín Oṣù Kejìlá sí ìparí Oṣù Kìíní ló dára jù. Koríko ti gbẹ, igi mélòó kan ti wọ́ ewé, ẹ wá lè rí bí odi ṣe nà lọ níwájú yín. Nígbà òjò, ewé nìkan lẹ máa rí.

Atẹ́gùn láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọyẹ́, eruku tó ń gbé bọ̀ sì pọ̀ jù láti ìhà Ṣáàdì. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ó ti rẹ̀ ẹ́, kì í le tó bó ṣe ń le ní Kánò. Á fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, á lọ, á tún padà. Láàárọ̀ kùtù, ojú ọjọ́ lè tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, tàbí kó tún rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, ó ti kọjá 32. Torí náà, ẹni tó bá ka ọyẹ́ sí ìgbà òtútù nìkan, ọ̀sán ni yóò bá a wíjọ́. Gbígbẹ rẹ̀ ló ń pani lára. Ètè á là, imú á máa ta, àwọn míì á ṣẹ̀jẹ̀ nímú. Òógùn ń jáde lára yín ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí i, atẹ́gùn á ti gbà á, ẹ ó máa rò pé òùngbẹ ò gbẹ yín.

Nǹkan kejì ni pé ọjọ́ kúrú. Ilẹ̀ kì í mọ́ dáadáa títí di nǹkan bí aago méje àárọ̀, oòrùn á sì wọ̀ kó tó di aago méje alẹ́. Nínú yàrà, igi bò ó lókè, ògiri bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀ máa ń tètè ṣú ju ti títì lọ. Aago kan ọ̀sán ni a máa ń yí padà, ibi yòówù ká dé. Ẹni tó bá ní ká lọ síwájú díẹ̀ sí i, a máa ń jẹ́ kó sọ ọ́ tán, lẹ́yìn náà a ó yí padà.

Ibo ni èèyàn ti lè bẹ̀rẹ̀?

Ibi tó rọrùn jù fún àlejò ni ìlú Erédò lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́, nítorí pé ọkọ̀ ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo. Láti Èkó, ẹ lè gba Ẹ̀pẹ́ wọlé, tàbí kí ẹ gba Ṣàgámù bọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ará Rẹ́mọ tó ń bi mí bóyá ó dé ọ̀dọ̀ wọn: ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló yí ká, ẹ̀yin ẹ wọ ọkọ̀ ní Ṣàgámù, márosẹ̀ tó ń lọ sí Òrè á gbé yín dé Ìjẹ̀bú-Òde. Àti gáréèjì, ọ̀kadà ló kù. Ẹ gba nọ́ńbà ọlọ́kadà náà, kí ẹ sì bá a dá aago tí yóò padà wá gbé yín.

Ṣé mo lè dá lọ? Mo ti gun òkè níbi púpọ̀ rí.

Rárá o. Kò sí bí ẹ ṣe mọ òkè gùn tó.

Erédò kò ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀nà oko ló ń gba orí rẹ̀ kọjá, oko sì ní olóko. Níbì kan kòkó ni, níbì kan ọ̀pẹ, níbòmíràn ẹ̀gẹ́ tàbí obì. Àlejò tó kàn yọ láti inú igbó pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, olè ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè é. Ní ayé tí a wà yìí, tí ajínigbé ń fi igbó ṣe ilé, wọn kì í dúró béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Torí náà, ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ìlú tó bá súnmọ́ ibi tí ẹ fẹ́ gbà ni ẹ ó kọ́kọ́ yà sí. Ó sàn kí ẹ lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ ìrìn. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ibi tí ẹ ti wá àti ibi tí ẹ fẹ́ rìn dé. Ẹ mú obì dání tàbí ohun tí ọwọ́ yín bá ká. Baálẹ̀ á fún yín lẹ́nì kan tí yóò mú yín lọ, ó sábà máa ń jẹ́ ọdẹ tàbí olóko tí ilẹ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Ẹ bá ẹni náà dá owó kí ẹ tó gbéra, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́.

Tí Baálẹ̀ bá ní kí ẹ má gba apá kan, ẹ má gbà á. Kò dandan kó sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ó lè jẹ́ pé ojúbọ wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n rí àjèjì nínú igbó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò, bíi Àmọ̀tẹ́kùn, mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, bí wọn ò bá mọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Fọ́tò tí ẹ bá yà, ẹ dúró kí ẹ délé kí ẹ tó gbé e sórí Facebook.

Mẹ́rin sí mẹ́fà ló dára kí ẹ jẹ́. Ẹni méjì kéré: tí ọ̀kan bá fi ẹsẹ̀ rọ́, ta ni yóò dúró tì í, ta ni yóò sáré lọ pe èèyàn? Ẹni mẹ́wàá pọ̀, ariwo á pọ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní gbọ́ nígbà tí ẹni iwájú bá ní ẹ ṣọ́ra.

Obìnrin ńkọ́? Mo gbọ́ pé Orò ò jẹ́ kí wọ́n lọ.

Obìnrin ń lọ, àwọn obìnrin ló tiẹ̀ ni púpọ̀ nínú ọ̀nà yẹn, torí pé àwọn ló ń ru ẹ̀gẹ́ àti ẹyìn jáde láti oko. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ọjọ́. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tí Orò rẹ̀ ń jáde, wọ́n sì máa ń kéde rẹ̀; lọ́jọ́ náà obìnrin kì í jáde, àlejò ọkùnrin pàápàá á dára kó jókòó sílé. Agẹmọ ní tirẹ̀, àárín ọdún ni, ní bí Oṣù Keje, ìyẹn kì í bọ́ sí ìgbà ọyẹ́. Ẹ kàn bi Baálẹ̀ léèrè. Ní ibojì Òkè-Ẹ̀rí náà, ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ léèrè ẹni tó lè wọlé àti bí wọ́n ṣe ń wọlé, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀.

Kí ni kí n wọ̀?

Ṣòkòtò gígùn tó nípọn, ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn, ìbọ̀sẹ̀ tó ga tí ẹ ó ti ẹnu ṣòkòtò bọ̀. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ má fi sílípáàsì wá, ẹ má sì wò ó pé sílípáàsì ni ọdẹ tó ń mú yín lọ wọ̀: ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti mọ ibẹ̀. Rénbúùtù kò burú fún ti ejò àti ẹ̀gún, àmọ́ ó gbóná lọ́sàn-án, abẹ́ rẹ̀ sì ń yọ̀ lórí ewé gbígbẹ. Bàtà òkìrìkà tí abẹ́ rẹ̀ ní eyín dára jù ú lọ, owó rẹ̀ ò sì pọ̀.

Láàárọ̀, ẹ gbé súwẹ́tà tàbí jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lé e, ẹ ó bọ́ ọ sínú báàgì tó bá di aago mẹ́sàn-án. Ẹ mú àǹkásíìfù tàbí ìbomú nítorí eruku. Òrí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ: ẹ fi pa ètè, ihò imú àti ẹ̀yìn ọwọ́ kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì mú díẹ̀ dání. Ẹ wọ àwọ̀ tó hàn ketekete, pupa tàbí yẹ́lò, kí ọdẹ má bàa fi yín pe ẹran. Aṣọ tó jọ ti sójà, ẹ fi sílé.

Oúnjẹ àti omi ńkọ́?

Omi lítà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà mẹ́fà. Ó wúwo, mo mọ̀. Ẹ rù ú bẹ́ẹ̀. Odò tí ẹ bá rí lójú ọ̀nà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tó dúró sójú kan ni, ẹ má mu ún. Ẹ máa mu tiyín díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, kí òùngbẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí mo sọ lókè nípa òógùn.

Oúnjẹ, ta ni yóò wá sí Ìjẹ̀bú tí kò ní mú gàrí? Gàrí wa kan, ó sì fẹ́lẹ́, kì í bàjẹ́ nínú báàgì, kò nílò iná. Ẹ di í sínú ike pẹ̀lú ẹ̀pà, àgbọn àti ẹja gbígbẹ. Ẹ rántí pé yóò gba omi lọ́wọ́ yín, torí náà ẹ fi píọ̀ wọ́tà kan kún ti gàrí lọ́tọ̀. Àwọn tí kò fẹ́ gàrí lè mú òjòjò tí wọ́n dín láàárọ̀, tàbí mọ́ínmọ́ín, àmọ́ ẹ tètè jẹ mọ́ínmọ́ín kó tó kan. Ìkọ́kọrẹ́ ń dúró dè yín ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ má gbé e wọgbó.

Ọ̀rá tí ẹ bá mu omi inú rẹ̀ tán, inú báàgì ni kó padà sí.

Kìlómítà mélòó la lè rìn lójúmọ́?

Ó kéré sí ohun tí ẹ ní lọ́kàn. Lójú ọ̀nà oko tó tẹ́jú, ẹ lè rin kìlómítà mẹ́ta ní wákàtí kan. Lórí bèbè odi, tí ọdẹ ń fi àdá la igbó níwájú, tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà tí ẹ tún ń gùn jáde, ẹyọ kìlómítà kan lè gba wákàtí kan gbáko. Kìlómítà mẹ́fà sí mẹ́jọ ni àlọ àti àbọ̀ tó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rin gbogbo 160 náà, kó lọ wá ìsinmi oṣù kan gbà níbi iṣẹ́.

Báwo lèèyàn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà?

Ẹ wá ibi tí àwọn olóko ti gé ẹsẹ̀ sí. Ó sábà máa ń wà níbi tí ọ̀nà oko ti dábùú odi. Tí kò bá sí, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ògiri ti dúró ṣánṣán, bó ti wù kí ọdẹ sọ pé kò sí nǹkan.

Yangí ni ilẹ̀ ibẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó le koránkorán, àmọ́ òkè rẹ̀ máa ń ṣí ní wẹ́wẹ́, ewé gbígbẹ á wá bò ó. Ewé gbígbẹ lórí yangí wẹ́wẹ́ máa ń yọ̀ ju ẹrẹ̀ lọ, àwọn tí kò mọ̀ ló ń jókòó lé ìdí láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá gbá ewé kúrò kí ẹ tó tẹ ibẹ̀. Ẹ kọjú sí ògiri, ẹ kọ ẹ̀yìn sí yàrà, nínú ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì yín, kí mẹ́ta wà lára ilẹ̀ nígbà gbogbo.

Ti gbòǹgbò: gbòǹgbò igi ló ń jáde lára ògiri, òun ni gbogbo èèyàn máa ń dì mú. Ẹ fà á wò kí ẹ tó fi ara lé e. Èyí tó yè máa ń tẹ̀, tí ẹ bá fi í sílẹ̀ á padà síbi tó wà. Èyí tó ti kú máa ń dún kẹ́kẹ́ nínú ilẹ̀, erùpẹ̀ á sì máa já bọ́ ní ìdí rẹ̀. Ẹ wo àárín gbòǹgbò náà pẹ̀lú, kòkòrò àti àkekèé fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí òkúta tí ẹsẹ̀ ẹni òkè bá rọ́ má bàa bọ́ lu ẹni ìsàlẹ̀ lórí.

Tí ẹ bá ti délẹ̀, ẹ dúró díẹ̀. Ògiri pupa lọ́tùn-ún lósì, ewédò ti gba ibi tí oòrùn kì í dé, ariwo ọkọ̀ títì á sì pa rẹ́. Èmi ò mọ ibòmíràn ní Ìjẹ̀bú tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

Wọ́n ní wèrèpè pọ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ìgbà ọyẹ́ sì ni ìgbà tirẹ̀ gan-an. Òun ni mo bẹ̀rù ju ejò lọ, torí ọ̀pọ̀ ejò ń sá fún èèyàn.

Nígbà òjò, wèrèpè tútù ni, ó ń fà lórí igi, ẹ lè fara kan ewé rẹ̀ láìsí nǹkan. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, èso rẹ̀ á gbẹ. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ lè dá a mọ̀: èèpo èso rẹ̀ tẹ̀ ní orí àti ní ìdí, ó gùn tó ìka ọwọ́, irun wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń dán sì bò ó. Ó rẹwà lójú. Irun yẹn ló ń fò. Ẹ kò tiẹ̀ ní fọwọ́ kàn án, tí atẹ́gùn ọyẹ́ bá fẹ́ tàbí tí ẹni iwájú bá fi àdá gbá okùn tó so mọ́, á dà lé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ jìnnà sí ẹni tó ń la ọ̀nà, ẹ jẹ́ kó pe yín kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Tó bá kàn yín, ẹ má yún ara. Mo mọ̀ pé ẹnu ló dùn láti sọ. Bí ẹ bá ṣe ń yún un ni irun náà ń wọlé sí i, tí ọwọ́ sì ń kó o lọ síbòmíràn. Ẹ bọ́ aṣọ tó kàn lára, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ibi tó ń yún yín, kí ẹ sì ká a kúrò, ẹ ṣe é léraléra, lẹ́yìn náà ẹ da omi sí i láì fọwọ́ ra á. Eérú làwọn olóko máa ń dà sí i. Tó bá wọ ojú, omi púpọ̀, kí ẹ sì kọrí sí ilé ìwòsàn.

Ejò ńkọ́?

Ejò wà: ọká, paramọ́lẹ̀, sèbé. Ọká àti paramọ́lẹ̀ kì í sá, wọ́n máa ń sùn sínú ewé gbígbẹ, àwọ̀ wọn sì bá ewé mu. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹsẹ̀. Ẹ má ki ọwọ́ sí ihò, ẹ má jókòó sórí igi tó wó láì wo abẹ́ rẹ̀.

Tó bá bu ẹnì kan jẹ: ẹ jẹ́ kó jókòó, kó má rìn mọ́, ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ rẹ̀, ẹ fi igi ti ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà kó má mì. Ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fẹnu fa a, ẹ má sì lépa ejò náà. Ẹ gbé e jáde. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnábánjọ sì wà ní Ṣàgámù. Kí ẹnì kan máa fi fóònù béèrè bóyá oògùn apa-oró ejò wà nílẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀, kí ẹ má bàa pààrà.

Iná ìgbẹ́ ńkọ́?

Oṣù Kìíní àti Ìkejì làwọn olóko ń jó oko, àwọn ọdẹ náà sì máa ń tiná bọ igbó láti lé ọ̀yà jáde. Ewéko tí a ń pè ní Akíntọ́lá, tó bá ti gbẹ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iná fi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Tí ẹ bá gbóòórùn èéfín, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà, èéfín máa ń kó síbẹ̀, àti jáde sì ṣòro. Ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ sí ibi tó ti jó tán tàbí oko tí wọ́n ti ro mọ́. Ọyẹ́ ń mú kí gbogbo ojú ọ̀run rí bàìbàì, torí náà imú lẹ ó gbẹ́kẹ̀ lé, ojú lè tan yín. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má dáná rárá, sìgá náà wà nínú rẹ̀.

Ṣé tàkúté wà?

Ó wà. Ẹ tẹ ibi tí ọdẹ bá tẹ̀. Tí ẹ bá rí ẹran tí tàkúté mú, ti ẹnì kan ni, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má tú u sílẹ̀.

Ṣé Google á mú wa dé ibẹ̀?

Á mú yín dé ìlú. Láti ibẹ̀ lọ, kò mọ nǹkan kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń ṣe ségesège nínú igbó, nínú yàrà ó lè lọ pátápátá. Ẹ da máàpù agbègbè náà sórí fóònù kí ẹ tó jáde nílé, ẹ gbé pawabáǹkì dání, ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé aago tí ẹ máa jáde.

Ọgbọ́n kan wà tí kò nílò bátìrì. Odi wà ní apá inú, yàrà wà ní apá ìta. Tí ẹ bá dúró sórí odi, tí ẹ kọ ẹ̀yìn sí yàrà, àárín ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lẹ kọjú sí yẹn. Ibi yòówù kí ẹ sọnù sí lára rẹ̀, ẹ rí odi, ẹ ti mọ ibi tí ilé wà. Tí ẹ bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí nǹkan sì ṣẹlẹ̀, 112 ni kí ẹ pè, lẹ́yìn náà Baálẹ̀. Baálẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dé.

Mo ní ikọ́ fée. Ọmọ mi ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ṣé a lè wá?

Ẹni tó ní ikọ́ fée, ẹ bi dókítà yín, nítorí eruku ọyẹ́ kì í ṣeré. Tó bá gbà fún yín, kí ohun tí ẹ ń fà símú wà nínú àpò tí ọwọ́ ń tètè dé, kì í ṣe ìsàlẹ̀ báàgì. Lọ́jọ́ tí eruku bá pọ̀ tí ẹ ò lè rí ìparí títì, ẹ dúró sílé. Fún ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, mi ò ní gbà yín níyànjú: òtútù àárọ̀, àìmu omi tó àti wàhálà ara, àwọn ohun tó máa ń gbé e dìde ló pé síbẹ̀. Ẹ mú un lọ sí Òkè-Ẹ̀rí lọ́sàn-án, kí ó gbọ́ ìtàn.

Àwọn ọmọdé yòókù, tí wọ́n bá ti tó ọdún mẹ́wàá, wọ́n lè rin ojú ọ̀nà oko. Kí wọ́n má wọ yàrà.

Ṣé a lè pàgọ́ sùn síbẹ̀?

Rárá. Òru, tọdẹ ni, ìbọn ló sì ń gbé. Hòtẹ́ẹ̀lì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Mo rí àpáàdì nínú ilẹ̀. Ṣé mo lè mú un?

Ẹ fi í sílẹ̀ síbi tó wà, ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ sì sọ fún Baálẹ̀. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ Erédò, àjọ ìjọba tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló ni ẹjọ́ rẹ̀. Ibi tí àpáàdì wà nínú ilẹ̀ ló ń jẹ́ kí àwọn onímọ̀ mọ ọjọ́ orí rẹ̀, tí ẹ bá ti gbé e kúrò, ó ti di àfọ́kù lásán. Ohun tó bí mi nínú jù níbẹ̀ ni àwọn tó ń fi katakátá wa yangí lára odi láti fi ṣe títì àti ilé. Tí ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ má bá wọn jà nínú igbó, ẹ wá sọ ọ́ nílùú.

Tí a bá ti jáde, ṣé ó tán nìyẹn?

Ẹ padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Baálẹ̀ kó lè mọ̀ pé gbogbo yín ti jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò rán èèyàn wá yín lálẹ́. Ẹ san owó ẹni tó mú yín lọ tán pátá. Tí ẹ bá dé hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ bọ́ aṣọ sí ìta, ẹ gbọn ọ́n, nítorí irun wèrèpè lè ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ yẹ ara wò, ẹ̀yìn eékún, abẹ́ apá, ìdí etí àti ìdodo, bóyá eégbọn ti so mọ́ yín. Tí ẹ bá rí i, ẹ fi ohun tín-ín-rín tó lè mú orí rẹ̀ fà á jáde ṣánṣán, ẹ má fi iná jó o. Ẹ wẹ̀, ẹ fi òrí para, kí ẹ tún mu omi kí ẹ tó béèrè ìkọ́kọrẹ́.